Gàrí Kò Sí Nínú Ìwé Wọn

Ẹ má kán mi lójú. Bí mo bá sáré sọ ọ̀rọ̀ yìí, á dà bí ẹni pé mò ń wá àwíjàre, bẹ́ẹ̀ n kò ní àwíjàre kankan.

Bí mo ṣe kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Ẹni tó ti jáde rí mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò jáde rí, bí mo bá rò ó títí oòrùn ó fi wọ̀, kò lè yé e. Káfíńtà ni mí nílé, ní Pobè. Àwọn ilé tí mo kan òrùlé wọn ṣì wà lójú ọ̀nà Issaba títí di òní, ìjì kò tíì ṣí ọ̀kankan nínú wọn. Nígbà tó yá, mo bá ara mi ní ilẹ̀ Faransé, nínú ilé alájà mẹ́jọ kan, mò ń kí àwọn èèyàn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó lọ. Wọn kò sọ fún mi pé èèyàn lè gbé ilé kan fún ọdún méjì kí ẹni tó múlé tì í má mọ orúkọ rẹ̀. Nílé, bí o bá kí èèyàn, o ó béèrè ìyàwó, o ó béèrè ọmọ, o ó béèrè ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó ń dùn ún, o ó béèrè àgbàdo inú oko. Níbẹ̀, bọ̀nsúù kan ṣoṣo ni gbogbo ìkíni wọn, ilẹ̀kùn á ti pa dé. Nígbà mìíràn mo máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn náà, ìyókù ìkíni mi á wà lẹ́nu mi bí òkèlè tí n kò rí gbé mì.

Wọn kò fi iṣẹ́ pákó fún mi. Ilé ńlá kan ni wọ́n gbà mí sí, níbi tí wọ́n ń kó ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì wá láti oko, tí àwa á tú àpò wọn, a á ṣa èyí tó ti bàjẹ́ kúrò. Èmi àti Rafíù la jọ ń ṣe é, ọmọ Sakété kan tó ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Iyẹ̀pẹ̀ ara ọ̀dùnkún wọn dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ilẹ̀ Towé nílé wa lásìkò òjò. Lọ́jọ́ kan mo gbé odidi kan sí imú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé tútù lẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?" Rafíù ní.

"Mò ń gbóòórùn ilé ni."

"Ilé wo? Ẹ fi sílẹ̀ jàre. Ilẹ̀ yìí ò mọ̀ yín rí."

A rẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín ju òun lọ, kí ó má baà rí ojú mi.

Ní ọdún kẹta ni àwọn ọmọ mi obìnrin méjì wá bá mi. Bọ́lá, àkọ́bí, ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Àbúrò rẹ̀, Àbíkẹ́, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìwé ìyá wọn kò jáde. N kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sọ fún mi. Ìyá Bọ́lá dúró sí Pobè, níbi tó ti ń ta epo pupa, pẹ̀lú àbígbẹ̀yìn wa tí mo fi sílẹ̀ lọ́mọ ọwọ́, ó sì fi Àbíkẹ́ lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tó ń fi ẹyin lé èèyàn lọ́wọ́.

Torí Àbíkẹ́ kò ní àlàáfíà. Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tí egungun ń dùn mọ ohun tí mò ń wí. Ní Pobè, ìyá rẹ̀ á ki aṣọ bọ omi gbígbóná, á fi lé e lórúnkún, èmi á gbé e sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, a á máa sáré lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ náà á máa bẹ̀ mí pé kí n sọ fún ọkùnrin náà kó rọra, pé gbogbo kòtò ọ̀nà ló ń wọ egungun òun. N kò lè gbàgbé ohùn yẹn.

Dókítà tó gbà á ní Faransé jẹ́ obìnrin àgbà kan, orí rẹ̀ funfun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó jókòó tì wá, ó ní a lè pààrọ̀ orísun ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí. Mùdùnmúdùn inú egungun rẹ̀ ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tí kò dára. Wọn á fi oògùn pa á run, wọn á sì fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ ló dára jù.

"Ọmọ mélòó ni ẹ bí, Mùsíè?" Ọ̀gbẹ́ni ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

"Ọlọ́run ṣe é fún wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mélòó?"

"Wọn kò kéré."

Ó gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀, ó wojú mi. Lọ́dọ̀ wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ kì í sì kà á, kí ikú má baà gbọ́. Bọ́lá ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó fi Faransé sọ fún un pé mẹ́ta ni. Ó wá yíjú sí mi.

"Bàbá, ikú ò sí lábẹ́ tábìlì. Kò gbọ́."

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Bọ́lá wò, ó bá ti Àbíkẹ́ mu. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde.

Wọ́n fi Àbíkẹ́ sínú yàrá kan tí wọ́n ń sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Kí n tó wọlé, mo ní láti fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, kí n wọ aṣọ wọn, kí n dé fìlà wọn, kí n fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Ojú mi nìkan lọmọ mi ń rí. Oògùn náà mú irun rẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹnu rẹ̀ bó láti inú dé ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n sì ti rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú kí oúnjẹ lè gba ibẹ̀ dé inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ó tó, wọ́n mú Bọ́lá sùn, wọ́n fa mùdùnmúdùn nínú egungun ìbàdí rẹ̀. Àpò pupa kékeré kan ni, kò ju èyí tí a fi ń bu epo fún aládùúgbò. Wọ́n so ó kọ́ sókè, ó ń kán wọ ara Àbíkẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ń retí ìró kan, àmì kan, ohunkóhun. Kò sí. Àbíkẹ́ la ojú, ó ní, "Ṣé ó ti tán?"

Bọ́lá ń tiro lẹ́yìn gíláàsì. Ó gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ara ògiri sétí. "Láti òní lọ, bí mo bá ní kí o fọ abọ́, o ò lè kọ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi ni yóò gbé ọ dìde."

Ìyá àgbà wọn, ìyá ìyàwó mi, ń gbé ní Takon. Rẹ́sò fóònù kì í dúró nínú ilé rẹ̀. Orí ibojì ọkọ rẹ̀ níwájú ilé nìkan ni fóònù ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí náà, bí a bá pè é, á gun orí ibojì náà, á jókòó, á ní, "Bàbá yín ń kí yín." Mo ròyìn iṣẹ́ náà fún un.

"Àna mi, ẹ̀jẹ̀ Bọ́lá ló wà nínú Àbíkẹ́ báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Bí mo bá wá ń ki oríkì Àbíkẹ́, ta ni yóò dáhùn?"

Èmi náà ti bi dókítà ní irú rẹ̀. Ó ní mùdùnmúdùn náà àlejò ni: ara onílé lè kọ̀ ọ́, bí onílé bá sì gbà á, àlejò náà tún lè dìde bá onílé jà. Oògùn ni a ó máa fi là wọ́n níjà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún oṣù gbọọrọ, títí wọn á fi mọ ara wọn. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní kò sí nǹkan. Ǹjẹ́ mo lè sọ fún un pé ìgbésí ayé mi ló ń rò fún mi yẹn, àti pé ní tèmi kò sí ẹni tó ń fún mi ní oògùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́?

Àlejò náà jókòó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n ní ká máa gbé Àbíkẹ́ lọ sílé, wọ́n sì fún mi ní ìwé. Ìlà pupa ni ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ. Ìlà àwọ̀ ewé ni ohun tó lè jẹ. Kò gbọ́dọ̀ sí àlejò, kò gbọ́dọ̀ sí òdòdó, kò gbọ́dọ̀ sí ẹranko. Dókítà wo ọwọ́ mi, ó béèrè iṣẹ́ mi. Mo sọ fún un.

"Ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀," ó ní. "Inú iyẹ̀pẹ̀ ni àwọn ohun tó lè pa á ń gbé. Ọmọ yìí kò ní ohun ìjà kankan nínú ara báyìí."

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Wọ́n sin ìwọ́ ìdodo mi sínú iyẹ̀pẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha abẹ́ èékánná mi títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mò ń lọ.

Àbíkẹ́ kò jẹun. Mo se ìrẹsì, ó ní ó ń gún òun lẹ́nu. Mo se ọbẹ̀ ẹja, òórùn rẹ̀ mú un bì. Mo ro ẹ̀bà, ó gbóná, ó ní ó ń lẹ̀ mọ́ egbò ẹnu òun. Oògùn náà fúnra rẹ̀ ń rùn bí ìdí ìgò ọtí tó ti kan. Ní ọjọ́ kẹrin tó fi jẹ́ omi nìkan ló ń mu, nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé wọ̀n ọ́n, ó mi orí, ó ní bí ọmọ náà bá tún fúyẹ́ díẹ̀ sí i, wọn á dá rọ́bà imú padà.

Àbíkẹ́ gbọ́. Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti nǹkan yẹn bọ̀ mí nímú mọ́."

"Kí lo fẹ́ jẹ? Sọ ohunkóhun."

"Gàrí. Olómi tútù. Ti ìyá àgbà."

Gàrí ìyá àgbà wà nílé. Ẹnì kan láti Pobè ló bá wa gbé e wá, gàrí Takon gidi, tó kan, tó gbẹ, tó ń ró lẹ́nu. Mo mú ìwé náà, mo kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀pà wà ní ìlà pupa. Oyin wà níbẹ̀. Ewé tútù wà níbẹ̀, àti ata tí iná kò kàn, àti oríṣi wàrà tí n kò mọ̀ rí láyé mi. Gàrí kò sí. Ẹni tó kọ ìwé náà kò rí gàrí rí, kò sì sí bí yóò ṣe kọ̀ fún mi ní ohun tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò rò ó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní: ohun tí wọn kò kọ̀, wọ́n ti gbà á.

Mo pe Ìyá Bọ́lá.

"Ẹ fún un, Bàbá Bọ́lá! Kí lẹ tún ń dúró dè?"

"Wọ́n ní gbogbo ohun tó máa jẹ gbọ́dọ̀ rí iná."

"Gàrí ò rí iná ni? Ta ló wá yan án? Ìyá mi ò jókòó sí ẹnu ààrò tí ẹ̀yìn ń dùn ún? Ẹ fún ọmọ mi ní gàrí, ẹ jọ̀ọ́."

Mo ṣe é bí ẹni tó ń ṣe ìsìn. Mo fi omi híhó ṣan abọ́ àti ṣíbí. Mo fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣí ìgò omi tuntun, mo ṣí ṣúgà tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Àbíkẹ́ béèrè ẹ̀pà, mo ní rárá, ẹ̀pà wà nínú ìwé. Àpò gàrí náà ti wà lábẹ́ fèrèsé láti ìgbà òtútù, ọ̀rinrin ti wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀; mo bu ti òkè.

Ó jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ ẹ́ mọ bí ìró ṣíbí nínú abọ́ ṣe ń dùn létí. Ó jẹ ẹ́ tán, ó gbé abọ́ sókè, ó mu omi ìdí rẹ̀, ṣúgà wà ní igun ẹnu rẹ̀. Mo pe Pobè padà.

"Ó jẹ ẹ́ tán?"

"Ó jẹ ẹ́ tán."

"Ó lá abọ́?"

"Ó lá abọ́."

Obìnrin náà figbe ta lọ́jà. Mo gbọ́ bí àwọn oníbàárà ṣe ń béèrè ohun tó dé, tí ó ń wí fún wọn pé ọmọ òun jẹ gàrí ní Faransé. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà, n kò tíì ṣe ohun kan tí mo lè fi yangàn bí èyí. Mo ṣe é lọ́jọ́ kejì. Mo ṣe é lọ́jọ́ kẹta.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ara Àbíkẹ́ gbóná. A sáré gbé e padà sílé ìwòsàn. Ẹ̀dọ̀fóró ni, wọ́n ní. Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, wọ́n rí ohun kan tó hù síbẹ̀ bí ìkùukùu. Wọ́n fún un ní oògùn kan, ara kò rọ̀. Wọ́n fi òmíràn kún un. Ọmọ náà ń mí bí ẹni tó ń gun òkè.

"Mùsíè," dókítà ní, "ǹjẹ́ ó jẹ ohunkóhun tí a kò fọwọ́ sí?"

"Rárá."

Kíá ni mo sọ ọ́. Kí ó tó pa ẹnu dé ni mo ti sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó tún béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá ẹnì kan fún un ní èso, bóyá mo gbàgbé. Mo ní n kò gbàgbé nǹkan kan. Mo ń wo bàtà rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Rafíù tó wá kí mi lẹ́nu géètì. Mo tú gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa ẹnu yín dé o."

"Ọmọ náà ń kú lọ, Rafíù."

"Ẹ gbọ́ tèmi. Àwọn èèyàn yìí á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn á ní bàbá rẹ̀ ló fún un ní ohun tó fẹ́ pa á. Bó bá yè, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ìwé tí ẹ ń retí fún ìyàwó yín ńkọ́? Wọn á ya á." Ó wò yíká. "Òótọ́ ilé wa kọ́ ni òótọ́ ibí."

Mo gbà á gbọ́. Ìtìjú ibẹ̀ nìyẹn, mo gbà á gbọ́ fún odidi ọjọ́ méjì. Mo jókòó ti ọmọ mi, mo ń gbàdúrà àwa ìjọ aláṣọ funfun, mo bọ́ bàtà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, nọ́ọ̀sì ní kí n wọ̀ ọ́ padà. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó fi ohun tí mo mọ̀ han dókítà, kí n má baà fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Bọ́lá ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò kúnlẹ̀, kò kí mi.

"Bàbá, ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

"Sọ kí ni?"

"Bàbá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fọ abọ́ gàrí."

Mo ní kí ó rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Mo ní kò yé e, pé wọ́n lè gba àbúrò rẹ̀ lọ.

"Kí wọ́n gbà á! Bí wọ́n bá gbà á láàyè, a ó mọ ibi tí a ó ti máa lọ wò ó." Ó fọwọ́ lé ìbàdí rẹ̀. "Wọ́n gbẹ́ inú egungun mi. Ẹ ní kí n ṣe é nítorí àbúrò mi, mo ṣe é, n kò sunkún. Ẹ̀yin, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ yín."

Ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nílé, bí ọmọ bá bá bàbá rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo agboolé á dìde sí i. Níbẹ̀, kò sí agboolé. Èmi àti òun la wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ló sì jàre.

Mo lọ sílé, mo gbé àpò gàrí náà lé itan nínú ọkọ̀ ojú irin, mo gbé e padà wá. Dókítà wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo gbé àpò náà sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀, torí n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn fi ń tọrọ àforíjì ọ̀ràn tó tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà pariwo. Ó rò pé mo dákú ni. Ó tẹ aago, nọ́ọ̀sì mẹ́ta sáré wọlé pẹ̀lú ibùsùn onítáyà, ọ̀kan di ẹsẹ̀ mi mú sókè, ọ̀kan ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, èmi sì ń ké láti ilẹ̀, "Gàrí ni! Gàrí ni mo fún un!"

Nígbà tí wọ́n jáde, ó ṣí àpò náà, ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é?"

Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. A á wa gbágùúdá, a á bẹ ẹ́, a á rin ín, a á dì í sápò, a á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi kan. A á sẹ́ ẹ, a á yan án nínú agbada títí á fi gbẹ.

"Iná yẹn gbóná dáadáa?"

"Dáadáa."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"A á tẹ́ ẹ síta kó tutù."

"Síta? Lórí kí ni?"

"Lórí aṣọ. Lórí ilẹ̀."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Iná ti kàn án lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iná, afẹ́fẹ́ Takon fẹ́ sí i, eruku fò lé e, adìẹ ìyá àgbà tẹ etí aṣọ náà kọjá, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, tí kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo wá rántí ọ̀rinrin ìdí àpò. Gbogbo ayé ló lè jẹ gàrí yẹn àyàfi ọmọ kan ṣoṣo, òun ni mo sì fún.

Dókítà kò jágbe mọ́ mi. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú fóònù, wọ́n sì pààrọ̀ oògùn náà sí èyí tó ń pa àwọn ohun tó máa ń hù lára oúnjẹ tí ọ̀rinrin bá mú. "Ó lè jẹ́ òun, ó lè má jẹ́ òun," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tí màá ti máa wá a." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Ọjọ́ méjì, Mùsíè. Ọjọ́ méjì ni mo ti ń bi yín."

Mo pe Ìyá Bọ́lá lọ́jọ́ kejì rẹ̀, mo sọ fún un. Ariwo ọjà Pobè ni mò ń gbọ́, oníbàárà kan ń wí pé, "Ìyá Bọ́lá, epo yìí ò lómi báyìí?"

"Èmi ni mo ní kí ẹ fún un," ó wí nígbẹ̀yìn.

"Èmi ni mo bù ú."

"Bàbá Bọ́lá, ẹ má sọ fún ìyá mi."

"N kò ní sọ."

"Kó má lọ jẹ́ pé ọwọ́ ìyá mi..." Kò parí rẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n bá òun pè mí ní ọjọ́ kẹta oògùn tuntun náà. Mo mọ̀ pé orí ibojì ló jókòó sí. Ó ní, "Àna mi, mo ti yan òmíràn, ó funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ó ṣì ń jẹ ẹ́ dáadáa?" Lẹ́yìn gíláàsì, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ti afẹ́fẹ́ sínú ọmọ náà láti inú ìbòmú. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ọwọ́ yín á máa mókè."

Obìnrin tó ń ṣètò oúnjẹ àwọn aláìsàn wá pẹ̀lú ìwé náà ní ọjọ́ kẹrin. Ó ní kí n ka lẹ́tà gàrí fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kà á, ó fi ọwọ́ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlà pupa, ó ní nítorí àwọn òbí mìíràn tó lè wá láti ọ̀dọ̀ wa ni. Mo wò ó títí. Láti ìgbà tí mo ti ń kí wọn lórí àtẹ̀gùn, ohun àkọ́kọ́ láti ilé wa tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn nìyẹn.

Ọjọ́ karùn-ún, kò yàtọ̀. Ọjọ́ kẹfà, dókítà bá èmi àti Bọ́lá jókòó, ó ní ká múra ọkàn wa sílẹ̀ fún ohunkóhun. Bọ́lá gbé orí lé èjìká mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì Àbíkẹ́, bí ìyá àgbà ṣe máa ń kì í ní àárọ̀, n kò sì mọ èyí tí mò ń pè nínú àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ kẹjọ ni ara Àbíkẹ́ rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀, nọ́ọ̀sì wọn bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, ó tún un wọ̀n, ó lọ pe ẹlòmíràn wá wọ̀n ọ́n. Nígbà tí oòrùn mú dáadáa, Àbíkẹ́ la ojú, ó wá mi kiri lẹ́yìn aṣọ tó bò mí lẹ́nu.

"Bàbá, ebi ń pa mí."

"Kí lo fẹ́ jẹ?"

"Gàrí."

"Kò sí gàrí."

"Ó wà nílé. Mo mọ ibi tí ẹ gbé e sí."

"Mo ti dà á nù."

Ó tẹjú mọ́ mi. "Gàrí ìyá àgbà? Ẹ dà á nù?"

"Mo dà á nù."

Ó fa aṣọ bo orí, ó kọjú sí ògiri. Mo kí i, kò dáhùn. Mo ní ṣé kí n pe ìyá rẹ̀ fún un, ó mi èjìká kọ̀ fún mi. Wọ́n gbé ọ̀dùnkún títẹ̀ wá fún un ní ọ̀sán, ó dìde jókòó fúnra rẹ̀, ó ń fi ìbínú jẹ ẹ́, ó ń wo ògiri, kò bojú wò mí rárá. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó bá mi tí omijé ayọ̀ ti rin aṣọ ẹnu mi gbindin. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo wá ọ̀rọ̀ náà ní Faransé, mo rí i.

"Ọmọ mi ń bá mi jà," mo ní.

Ó fi ọwọ́ kan èjìká mi, ó ní òun bá mi kẹ́dùn.